Lẹ́tà P Tí Ó Fọ́ Mi Lẹ́nu

Wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo pàṣẹ fún arúgbó kan pé kí ó pa ẹ̀dá alààyè, nígbà tó jẹ́ pé omi ni mo ní kí ó mu.

Omi. Mo tún un sọ. Ife omi wà lọ́wọ́ òsì mi, hóró oògùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kí ó wá wo ẹnu mi. Eyín òkè méjì níwájú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta kán láàárín, ó mú bí abẹ. Bí mo bá gbàgbé tí mo fi ahọ́n kàn án, ẹ̀jẹ̀ ni. Ojú márùn-ún ni dókítà fi abẹ́rẹ́ rán lára ètè mi. Mo ti ka ìròyìn tí wọ́n kọ nípa mi, ojú ìwé mẹ́ta àti ààbọ̀, pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, bí mo ṣe máa ń ka ìwé ìdánwò. Àṣìṣe mọ́kànlá ni mo fa ìlà sí nídìí. Wọ́n pe èdè Czech ní èdè Poland lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní Ọjọ́rú ni ó ṣẹlẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ní bàbá náà "gbá mi lẹ́nu." Gbá? Àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń gbá ènìyàn. Òòlù ni ó fi lù mí.

Kí n tó dé Peckham, mo ti fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo kà ní yunifásítì. Bí ahọ́n, ètè àti òkè ẹnu ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ni mo fi gba oyè. Àmì ohùn ni mo sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn jà fún. Ọmọ tí ó bá kọ "igba" sílẹ̀ láìro àmì tí ó yẹ kí ó fi sí i, tí n kò mọ̀ bóyá igbá ni ó ní lọ́kàn tàbí ìgbà, ẹgba mẹ́ta. Mo nà wọ́n, n kò ní purọ́. Àwọn kan lára wọn ti di lọ́yà báyìí, wọ́n ṣì ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ̀wé sí mi.

Ní ìlú yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo rí. Ọ́fíìsì àwọn tí ó gbà mí wà lókè ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road. Bí ẹ bá ń ṣe ìpàdé níbẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ omi tí ń lu páànù nísàlẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham níbí, ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó ń pè mí ní Aunty. Èmi náà ń pè é ní "ẹ̀yin", nítorí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

Bàbá tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ ń gbé ní East Dulwich. Ọmọ ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni. Alápatà ni. Ní abúlé rẹ̀ ní ilẹ̀ Czech, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń pa nígbà òtútù, láti ilé dé ilé, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pè. Nígbà tí ó dé London, ogójì ọdún ni ó fi gé ẹran ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ìgbàgbé mú un, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kọ́kọ́ kó lọ. Èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló kù sí i lẹ́nu. Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó jókòó, yóò wò yín bí ẹni tí ń wo ajá tí ń gbó. Bí ẹ bá fà á lápá, yóò lù yín. Ó ti bu obìnrin kan jẹ kí n tó dé ibẹ̀. Ó ti da tíì gbígbóná sí ẹlòmíràn láyà. Wọn kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún mi. Mo fa ìlà sí abẹ́ ìyẹn pẹ̀lú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé. Òun ló so kámẹ́rà sókè ilẹ̀kùn kíṣìnì, èyí tí ń gba àwòrán tí ó sì ń gba ohùn. Òun ló sì fún mi ní pépà kan tí ó tẹ gbólóhùn méjìlá sí ní èdè Czech: ẹ káàárọ̀, ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fi èdè rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀.

Mo wo pépà náà, inú mi dùn bí ẹni tí ó rí ará ilé lójú ọ̀nà. Àmì! Àmì wà lórí fáwẹ̀lì wọn: á, í, ý, é. Mo ní, háà, èdè tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe rèé.

Níbẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ, mo ní "Dobrý den", ìyẹn ìkíni wọn, mo sì gbé ohùn sókè lórí ý náà bí ìgbà tí mo bá ń pe "rí". Bàbá fi ìkúùkù lu tábìlì. Ṣíbí fò.

"Ne!" Rárá ni ìyẹn.

Mo tún un pè. Mo tún gbé ohùn náà sókè sí i. Ó tún lu tábìlì, àwo bọ́ sílẹ̀, ó fọ́. Ó wá di okùn tí ó fi so ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ èjìká mú, ó fà á gùn síwájú, ó ń sọ pé "brýýýý", ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ta á láyà, pá! Ìgbà yẹn ló yé mi. Àmì tiwọn kì í ṣe ohùn òkè. Gígùn ni. Wọ́n kàn ní kí o fa fáwẹ̀lì náà gùn ni, ohùn rẹ̀ kò kàn wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti fi ẹgba sọ fún ọmọlọ́mọ pé àmì yìí ni ohùn òkè, arúgbó kan ń fi okùn ṣòkòtò kọ́ mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa kọ́ńsónáǹtì wọn. Ẹnu Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn. A ó ti ì tàbí ú bọ àárín wọn ni, bí a ṣe sọ ti Òyìnbó di búrẹ́dì àti búlúù. Àwọn wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ kan, "čtvrtá", tí ó túmọ̀ sí ẹ̀kẹrin. Ẹ kà á. Kọ́ńsónáǹtì márùn-ún ló tò síwájú kí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo tó yọjú, bí jàǹdùkú márùn-ún tó dí ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kìíní mo pè é ní "ṣítífírítá". Bàbá di etí rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ř. Ẹ ó fi ahọ́n gbọn r, ẹ ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín eyín lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí omi bá kán sínú páànù gbígbóná. Bàbá kò gbà kí n pè é ní r lásán, kò sì gbà kí n pè é ní ṣ. Ó máa ń di àgbọ̀n mi mú. Ọwọ́ alápatà ni: líle, gbígbòòrò, ìka ìlábẹ̀ ọ̀tún ti gé kù ní oríkèé kan. Ó ń fún àgbọ̀n mi, ó ń sọ "Ř! Ř!", itọ́ ń ta sí mi lójú. Mo bu ahọ́n mi jẹ títí ó fi wú. Mo ń pè é nínú bọ́ọ̀sì títí obìnrin tí ó jókòó tì mí fi dìde lọ síwájú. Mo ń pè é nínú balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ mi kan ilẹ̀kùn.

"Mummy, ṣé Ẹ̀mí ló bà lé ọ ni?"

"Ẹ̀kẹta ni mo ń pè. Třetí."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá di ti ẹ̀bùn ahọ́n, Bíbélì ní kí ẹnì kan máa túmọ̀ rẹ̀ o."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún pe ř ní r. Bàbá fọ́ mi létí. Ìfọ́tí gidi, ojú mi ṣú, yẹtí mi já bọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Mo gbé fóònù ilé iṣẹ́, mo pe ọ̀gá.

"Aunty, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ jáde?"

"Ẹ̀jẹ̀ kò jáde."

"Okay, so kì í ṣe incident nìyẹn, Aunty. Ẹ má wò ó. Bàbá yẹn ò mọ nǹkan tó ń ṣe."

"Ó mọ̀. Èdè ló ń kọ́ mi. Mo ṣì í pè ni ó fi lù mí. Ẹ wá ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè yìí kí ó kọ́ mi fún wákàtí méjì péré."

"Ah-ah! Ẹ̀yin tí Bàbá ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Lesson lórí shift! Ẹ kú oríire o." Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ omi tí ń lu páànù lẹ́yìn ẹ̀rín rẹ̀.

Mo kọ ọ́ sí lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, mo ní ẹ̀dà rẹ̀. Mo kọ pé ọkùnrin yìí ń hu ìwà ipá nígbà tí ìró bá ṣì. Mo kọ pé kí wọ́n kó àwọn irinṣẹ́ alápatà kúrò nínú kíṣìnì. Nítorí ọmọ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ètò ìtọ́jú rẹ̀ pé kí a máa fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ dáadáa: ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, yóò máa fi òòlù onígi, èyí tí ó ní ehín lójú, lu ẹran títí yóò fi fẹ̀ bí ewé. Ẹran náà ni wọ́n ń pè ní "řízek". Ẹ rí i pé ř náà kò fi mí sílẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi sí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni "A ti gbọ́."

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ burú. Nígbà tí ó di oṣù kejì, mo ti ń pe ř tí bàbá fi ń mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "paní učitelko", ìyẹn ìyá olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ fún un rí pé olùkọ́ ni mí. A jọ máa ń ka oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Hóró márùn-ún ni. Òun ni yóò máa kà: "První, druhá, třetí, čtvrtá," yóò wá dé orí ẹ̀karùn-ún, "pátá!"

Pátá! Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Arúgbó ń ka oògùn, ó parí rẹ̀ sórí àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin. Ó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà wá pè é: "Pátá!" Ó gbé etí sí mi. Ó ní, "Bátá? Bátá?" Mo rò pé bàtà ni ó ń bèèrè. Mo lọ gbé bàtà rẹ̀ wá. Ó wo bàtà, ó wò mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ara rẹ̀ ṣubú fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, àwàdà wa nìyẹn láràárọ̀: èmi ní "pátá", òun ní "bátá", mo lọ gbé bàtà. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kámẹ́rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní tuntun yìí gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú omi púpọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ti gbé báàgì kọ́ apá, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí pépà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì: "Zapij to." Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni, fi omi tì í.

Mo ní, "Fún àgbà ńkọ́?"

Ó ní, "Kí lẹ ní?"

"Èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ sí ọmọdé. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ sí bàbá?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ń dá dúró. "Ẹ fi -te sí i," ni ó sọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Zapijte to. Mo kọ -te náà sí i fúnra mi. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó lọ. Èmi kò lè pe ọlọ́dún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ní "o" ní èdè kankan.

N kò lè mú fóònù tèmi jáde kí ó pè é fún mi gbọ́. Ìlànà wọn ni pé fóònù wa gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì títí shift yóò fi parí. Nítorí náà mo dúró síwájú fíríìjì, mo wo ọ̀rọ̀ náà. J wọn, y wa ni, mo mọ ìyẹn. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni z. Kò sí z nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Àwọn ará ilé mi ń pe zoo, ibi tí ẹranko wà, ní súù, wọ́n sì ń pe zero ní síírò. Mo ní n kò ní sọ z di s lójú bàbá, kí ó má baà tún fọ́ mi létí. Gbogbo agbára mi ni mo gbé sórí z náà. Zzz. Zzza. Mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú, olè sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Bàbá wà nídìí tábìlì, ó ń lu ẹran. Mo gbé oògùn àti omi dé iwájú rẹ̀. Mo ní:

"Zapijte to."

Òòlù náà dúró lókè. "Co?" Ìyẹn ni pé, kí lo wí?

Mo rò pé z mi ni kò dán. Mo tún un pè, mo fi ẹ̀bẹ̀ sí i. "Prosím. Zapijte to."

Ó wò mí. N kò ní gbàgbé bí ó ṣe wò mí. Kò wo ojú mi. Ó wo orí mi, ó wo ọrùn mi, ó wo iwájú orí mi, ó ń wọ̀n mí. Ó wá bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Opravdu?" Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo dáhùn pé "Ano." Bẹ́ẹ̀ ni.

Òòlù náà wá láti òkè. Mo gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wà láàyè. Agbárí mi ni ó ń lọ bá, ẹnu mi ni ó bá. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára: ìró bí ìgbà tí wọ́n bá fọ́ eegun lórí ìtì. Ife fọ́. Mo ṣubú lulẹ̀ lórí àfọ́kù rẹ̀. Eyín mi kan wà lórí ahọ́n mi, mo fẹ́ tu ú, ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ dà, ó kún àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń gbóná.

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Hotovo." Ó ti parí. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá.

Ó wá lọ mú abọ́. Ó kúnlẹ̀ tì mí, pẹ̀lú orúnkún tí kò lè tẹ̀ dáadáa mọ́, ó gbé abọ́ náà sábẹ́ àgbọ̀n mi, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ mi sínú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ rò ó kí ó má baà dì. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ní abúlé rẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù. Inú kò bí i rárá. Mo fi fóònù ilé iṣẹ́ tẹ nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ aláìsàn, n kò lè pe àdírẹ́sì, kọ́ńsónáǹtì kankan kò jáde lẹ́nu mi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá wà níbẹ̀, obìnrin kan tí council rán wá wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó gbọ́ èdè Czech ti gbọ́ ohùn inú kámẹ́rà, ó sì ti túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n tan ohùn náà fún mi.

Mo gbọ́ ara mi. "Zabijte to." B. Ó mọ́ gaara. "Prosím. Zabijte to."

"Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, Aunty?" ni ọ̀gá bèèrè. Ó ka ìwé náà. "'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á.' Bàbá ní ṣé òótọ́ ni. Ẹ ní yes."

Zapijte, ẹ fi omi tì í. Zabijte, ẹ pa á. Èmi nìkan sì ni ohun alààyè tó dúró níwájú rẹ̀. Ìró kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Mo mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà, bí ẹni tí wọ́n da omi dídì lé lórí. Lẹ́tà p ti Yorùbá kì í ṣe p tiwọn. Àwa kò ní p tiwọn rárá nínú ọ̀rọ̀ wa. Ìró tí àwọn ẹ̀yà mìíràn ń fi k àti p kọ pọ̀ ni àwa ń fi p nìkan kọ. Ètè méjèèjì pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n kan òkè ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Àfàfàséfètèpè ni a ń pè é ní kíláàsì. Etí tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbọ́ b. Bí mo bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń pe p tiwọn, mo ti mọ́ ọn. "Prosím" kò dà mí láàmú, fóònù ló kọ́ mi nílé, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí p àti r ti lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n "za-pi", fáwẹ̀lì, p, fáwẹ̀lì, nínú èdè tí ó fi àmì dé orí bíi tiwa? Ẹnu mi rò pé ilé ni òun wà.

Mo ṣàlàyé rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tan àwọn ọjọ́ tí a ń ka oògùn, kí wọ́n gbọ́ bí bàbá ṣe ń gbọ́ "bátá" láràárọ̀. Obìnrin council ní èyí tí wọ́n gbọ́ ti tó.

Mo yíjú sí ọ̀gá. "Ọmọ Yorùbá ni yín. Ẹ sọ fún un. Ẹ sọ fún un pé p wa kì í ṣe p wọn."

Ó ní, "Aunty, honestly, p ni p. I'm Yoruba too."

"Ẹ pe 'ẹ pẹ̀lẹ́'."

Ó pè é. P ti Gẹ̀ẹ́sì ni, pẹ̀lú atẹ́gùn. Mo gbé pépà kan síwájú ẹnu rẹ̀. Mo ní kí ó tún un pè. Pépà náà fì. Ìdánwò tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì ni: p ti Òyìnbó yóò fẹ́ pépà, tiwa kò ní mì ín. Ọmọ tí a bí sí Peckham, ó ti ń sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" fún mi láti ọdún mẹ́rin, kò ní ìró náà lẹ́nu rí. Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tí mo ní nínú yàrá yẹn, kò sì lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ó jẹ́rìí sí.

"Okay, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é," ni ó wí.

Mo gbé pépà síwájú ẹnu mi. Mo ní "pẹ̀lẹ́". Ètè rírán kò pàdé. Atẹ́gùn gba ihò eyín jáde, fìììì, pépà náà gbọ̀n ju tirẹ̀ lọ. Obìnrin council kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹnu tí yóò jẹ́rìí fún mi gan-an ni òòlù ti fọ́.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Aunty, ẹ sinmi, please. Ẹ lọ sinmi."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ pè é ní "o". Mo ní, "Gbọ́. Ìwọ. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọ. O ní ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ó ti jáde báyìí, abọ́ kan ni, bàbá gbà á, lọ wò ó nínú kámẹ́rà." Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì rẹ̀, kọ́ọ̀bù kọfí rẹ̀ dà sórí ìròyìn náà. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀: "ó halẹ̀ mọ́ni." Èyí nìkan ni òótọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ.

Lẹ́tà ìlékúrò dé ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n ní wọ́n ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń kọ orúkọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ tọ́jú arúgbó tàbí ọmọdé mọ́ títí ayé. Títí ayé. Bí orúkọ mi bá wọ ibẹ̀, kò sí ilé ìtọ́jú tí yóò gbà mí, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kí n kọ́ ọmọ ní "a, b, d". Kí n jẹ́ aṣeniléṣe lórí ìwé, èmi tí wọ́n ṣe léṣe. Bàbá náà, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta, wọ́n ní ó léwu, wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ kí ó lè máa sùn. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, tí ó bèèrè kí ó tó ṣe é.

Mo ti kọ̀wé pe ìpinnu náà lẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ méje rèé, èsì kò dé. Nítorí náà mo ń bèèrè níhìn-ín, ní gbangba, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá dáhùn fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ìwọ ọ̀gá: níbo ni lẹ́tà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ta ni ó kà wọ́n, kí ló dé tí ọ̀kankan kò sí nínú ìròyìn rẹ? Ẹ̀yin ọmọ bàbá: ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ tuntun sára fíríìjì tí ẹ kò pè é létí mi, kí ló dé tí pépà náà kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí mo ní kí wọ́n lọ mú un wá? Ìwọ tí o túmọ̀ ohùn náà: wákàtí mélòó ni o gbọ́, ṣé ẹnikẹ́ni sì sọ fún ọ pé Yorùbá ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin council: ẹ rí obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ rí arúgbó tí ń fi abọ́ gbà á pẹ̀lú ojú tútù, èwo nínú àwòrán yẹn ló jọ ìjà lójú yín? Ta nínú gbogbo yín ló sì pinnu pé ẹ ó gbọ́ ohùn, ẹ kò ní wo àwòrán?